Káàdì Mẹ́rìnlá Nínú Agolo

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní gbogbo àfonífojì yẹn pé òṣìṣẹ́ ni Thora Coates. Bí òjò dídì bá bo àgùntàn mọ́lẹ̀ lórí òkè, òun ni yóò máa fi ọ̀pá gún yìnyín kiri títí yóò fi kan irun. Bí abo àgùntàn bá ń rọbí, tó jẹ́ pé ìdí ni ọmọ fẹ́ fi jáde, wọn a ní ẹ ké sí Thora, ọwọ́ rẹ̀ kéré, ó sì mọ ọ̀nà. Ọdún márùndínláàádọ́ta ló fi ṣe é ní oko Hag Rigg, láì gba owó iṣẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n ní iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́. Bóyá ni. Ohun tí wọn kò sọ fún wa ni ẹni tí oògùn náà ń wò sàn, bóyá ẹni tó lò ó ni tàbí ẹni tó jókòó tì í.

Ní oṣù Kejì ọdún 2025, nígbà tó ku oṣù mẹ́ta kí ó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, ìwé kan dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba pé ó tó àkókò láti béèrè owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Inú Thora dùn sí ìwé náà ju bó ti yẹ lọ. Ó nu ọwọ́, ó ká a, ó tì í bọ àpò aṣọ òjò rẹ̀, ó sì wa ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ bá Avis Tiplady ní abúlé. Opó ni Avis. Ọgbọ̀n ọdún ló fi bá àwọn àgbẹ̀ òkè náà tọ́jú ìwé oko wọn, kò sì sí ìwé ìjọba tó ń dẹ́rù bà á. Ó ní yàrá kan tó ṣófo, tó kọjú sí odò. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń bẹ Thora pé kó wá máa gbé ibẹ̀, Thora a sì dá a lóhùn pé, "Ìgbà tí mo bá ní owó tèmi tí màá máa gbé kalẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mi ò lè wá fọwọ́ òfo jókòó sídìí tábìlì rẹ." Owó ìfẹ̀yìntì yìí ló ń dúró dè.

Avis tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó wò ó, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó.

"Thora, jókòó."

"Mo ti jókòó."

"Ó dáa. Di àga mú." Avis yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. "Ọdún mẹ́rin péré ni wọ́n rí lórúkọ rẹ. Ìyẹn àwọn ọdún tó o fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ wàràkàṣì, kí màmá rẹ tó dùbúlẹ̀ àìsàn. Láti 1979 wá, òfìfo ni. Òfìfo, òfìfo, títí dé èṣí. Ẹni tí kò bá sì pé ọdún mẹ́wàá, wọn kì í fún un ní nǹkan kan."

Thora rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rọ yẹn ti ya wèrè. Ojú mi báyìí ni Clifford ṣe máa ń lẹ sítáǹbù mi."

Kò parọ́. Nílé àgbẹ̀ lókè yẹn láyé ọjọ́sí, owó àgùntàn ti ọkùnrin ni, owó ẹyin ti obìnrin. Lọ́jọ́ Ẹtì gbogbo, Clifford, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ, a gbé ẹyin Thora lọ sọ́jà, a tà á, a sì yọ nínú owó rẹ̀ láti ra sítáǹbù ìfẹ̀yìntì fún un nílé ìfìwéránṣẹ́. Nígbà tí wọ́n bá jẹun ìrọ̀lẹ́ tán, a mú káàdì Thora jáde, a fahọ́n lá ẹ̀yìn sítáǹbù, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ibi tó kàn, a sì fi ẹ̀ṣẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. "Ìwọ náà ti parí fún ọ̀sẹ̀ yìí," ni yóò wí, bí ẹni tó ṣe àdúrà fún èèyàn. Nígbà tó di 1993, ìjọba fagi lé káàdì. Clifford ní báńkì ló ń yọ ọ́ báyìí, Thora kò sì béèrè mọ́. Ta ló ń bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀? Ó gbà pé ẹni tó da omi síwájú ni òun, pé ilẹ̀ tútù ni òun yóò tẹ̀ lọ́jọ́ alẹ́.

"Ọdún mọ́kànlá tó o fi tọ́jú màmá rẹ ńkọ́?" Avis bi í. "Ká ní ẹ kọ̀wé nígbà náà ni, wọn ì bá kà á fún ọ."

"Màmá kò fẹ́ kí ìjọba mọ̀ pé ara òun kò yá. Ta ló sì máa jókòó kọ̀wé sí ìjọba pé òun ń wẹ ìyá òun?"

Avis náà wẹ ìyá tirẹ̀, kò sì kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Gbọ́. Wọ́n gbà kéèyàn fi owó ara rẹ̀ dí àlàfo. O ní mẹ́rin, a máa ra mẹ́fà, ó di mẹ́wàá. Ọdún kan tó bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún pọ́n-ùn. Mẹ́fà á lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Ṣùgbọ́n tí a bá ti kọjá ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹrin, wọ́n máa tilẹ̀kùn mọ́ èyí tó ti pẹ́ nínú wọn."

"Bí mi ò bá rí i san ńkọ́?"

"Owó ìrànwọ́ àwọn aláìní wà. Wọ́n á wá béèrè ohun tó o ní àti ohun tí o kò ní."

"Kí wọ́n wá ka ṣíbí inú ilé mi? Rárá o. Èyí tí mo làágùn fún ni mo fẹ́, bó ti wù kó kéré mọ."

Ó wakọ̀ padà lọ sókè, inú rẹ̀ sì ti ń bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì gbà pé ọ̀rọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Clifford wà níbi tó máa ń wà, lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò onírin, Moss ajá wọn nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú láti oṣù Kẹwàá. Apá ọ̀tún ti kú, ẹnu ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ òsì nìkan ló ṣẹ́ kù tó ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Thora ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń gé ẹran sí wẹ́wẹ́ fún un. Kò tiẹ̀ bọ́ aṣọ òjò rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Clifford, ìjọba ní o kò san sítáǹbù mi."

"Mo... san án."

"Wọ́n ní kò sí níbẹ̀."

"Irọ́ ni. O rí mi. Ṣebí... ṣebí o rí mi."

"Mo rí ọ. Káàdì náà dà?"

Clifford yíjú sí iná. Thora dúró. Obìnrin tó lè dúró ti àgùntàn láti òwúrọ̀ dìrọ̀lẹ́ nínú òjò kò ní ṣàìlè dúró ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ilé gbígbóná. Nígbà tó pẹ́, ọkùnrin náà la ẹnu wíwọ́ rẹ̀.

"Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Bàbá."

Agolo bisikíìtì ni, tó ti dípẹtà létí. Ó ṣí i lórí bẹ́ẹ̀dì tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí láti ọdún tí bàbá wọn ti kú. Káàdì mẹ́rìnlá ló wà nínú rẹ̀, wọ́n dì í ní okùn tí wọ́n fi ń di irun àgùntàn. Orúkọ rẹ̀ ni, Thora Margaret Coates, lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àti sítáǹbù lójú gbogbo ọ̀sẹ̀, kò sí èyí tó fò. Ó tilẹ̀ rí èyí tí Clifford lẹ̀ ní wíwọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí àgbò kan kàn án lápá. Ẹkún ayọ̀ gbọ̀n ọ́n. Ó gbé agolo náà mọ́ àyà sọ̀kalẹ̀, ó sì pe Avis lórí fóònù.

"Wọ́n pé, Avis! Mẹ́rìnlá! Mo sọ fún ọ pé ẹ̀rọ yẹn ń ya wèrè!"

Avis bi í pé, "Thora, kí ló ń ṣe nílé?"

"Kí ni?"

"Káàdì náà. Kí ló ń ṣe nílé? Ìparí ọdún ni wọ́n máa ń dá a padà fún ìjọba. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tí wọn kò bá dá padà, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà láyé."

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti ilé Coates ju ogún ọdún lọ dáadáa, orí agolo bisikíìtì ni òtítọ́ sì ti bá a.

Avis ní kó tọ́jú wọn bí ojú rẹ̀. Ó ní òun kò lè búra ohun tí ìjọba máa sọ sí káàdì tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni, àwọn máa kọ lẹ́tà lé e lórí, àwọn sì máa fi ránṣẹ́. Yìnyín ti dí ọ̀nà òkè fún ọkọ̀ kékeré rẹ̀, nítorí náà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni òun máa wá gbé e. "Ṣùgbọ́n má torí ìyẹn dúró," ló ní. "Ra ọdún mẹ́fà náà. Tí wọ́n bá gba káàdì, ó di èrè. Tí wọn ò bá gbà á, o ò ní ṣubú."

Thora gbé agolo lé orí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Clifford, ó jókòó síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Kí ló dé tí o kò dá wọn padà?"

"Bàbá." Ọ̀rọ̀ ń ti ẹnu rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀. "Bàbá ní... tórúkọ obìnrin bá ti wọ ìwé pé ó ń ṣiṣẹ́ lóko... lọ́la ó máa béèrè ìpín. Ó ní kí n lẹ̀ ẹ́... kí ọkàn rẹ lè balẹ̀. Kí n má fi ránṣẹ́."

Thora mọ bàbá rẹ̀ dáadáa, ọ̀rọ̀ náà dún bí ohùn rẹ̀. Ó ká ọwọ́ lé itan. Inú bí i sí òkú, ẹni tó bá sì bínú sí òkú, ara rẹ̀ ló ń nà. Ó ní, "Ó dáa. Màá ta àgùntàn mi. Màá san èyí tó kù. Tí àwọn abo bá sì bímọ tán ní oṣù Karùn-ún, mò ń lọ sọ́dọ̀ Avis. Mi ò ní fi ọ́ sílẹ̀ lórí ilẹ̀, àwọn olùtọ́jú á máa wá láàárọ̀ àti lálẹ́, mo ti béèrè. Ṣùgbọ́n mò ń lọ."

Agolo ni Clifford ń wò.

Àṣà kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn, bí n kò tilẹ̀ fẹ́ràn púpọ̀ nínú àṣà wọn. Bí wọ́n bá bí ọmọ sóko, ọkùnrin tàbí obìnrin, bàbá àgbà rẹ̀ a fún un ní abo ọ̀dọ́ àgùntàn kan. Ohunkóhun tí ìyẹn bá bí, àti èyí tí ọmọ rẹ̀ bá bí, ti ọmọ náà ni. Ọgbọ̀n abo ni ti Thora, wọ́n ní ilà ọ̀dà pupa nídìí tó ya tirẹ̀ sọ́tọ̀, gbogbo wọn sì jẹ́ àtọmọdọ́mọ ẹyọ kan tí wọ́n fún un ní 1959. Òkè náà ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Kò sí ọgbà tó sé wọn mọ́, ìyá ló ń fi ibi tí òun ń jẹ dé han ọmọ, ọmọ a sì fi han ọmọ tirẹ̀. Tí o bá ta irú wọn síbòmíràn, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n fi máa ń dúró ti ògiri, tí wọ́n á kọjú sí ọ̀nà ilé, tí wọ́n á máa ké.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Thora kó wọn sínú ọkọ̀, tàwọn toyún inú wọn, ó kó wọn lọ sọ́jà. Nígbà tí wọ́n wọ agbo, ẹni tó ń polówó ké pé, "Ọgbọ̀n abo láti Hag Rigg, ti Clifford Coates! Ẹ mọ ọwọ́ Clifford, ẹ ò nílò kí n sọ̀rọ̀ jù!" Àwọn ọkùnrin tó rọ̀gbà yí agbo ká mi orí. Ẹnì kan ní, "Clifford mọ àgùntàn sìn, kí Ọlọ́run wò ó sàn." Thora ló dúró láàárín agbo náà, tó ń fi ọ̀pá yí wọn po kí wọ́n lè rí wọn dáadáa. Wọ́n rà wọ́n, owó tó dára. Níbi tí wọ́n ti ń san owó, ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì kọ orúkọ Clifford sórí sọ̀wédowó.

"Orúkọ mi ni kó o kọ," Thora wí.

"Ti Clifford ló wà nínú ìwé wa, Mà. Ẹ̀yin kò sí níbẹ̀."

"Mo mọ̀. Mi ò sí níbi kankan. Kọ ọ́."

Àwọn ọkùnrin méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wojú ara wọn. Ọmọbìnrin náà lọ béèrè, ó padà wá, ó ya èyí àkọ́kọ́, ó sì kọ òmíràn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí orúkọ Thora máa wà lórí owó àgùntàn.

Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, òórùn bébà àti àtè ẹ̀yìn sítáǹbù tó jóná. Moss kò sáré wá pàdé rẹ̀. Agolo wà nílẹ̀, ó ṣí sílẹ̀, ó ṣófo. Ẹnu ààrò ṣí, eérú dúdú kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ ṣì wà lórí ẹ̀yinná, ó ní ìlà ìlà lójú. Thora na ọwọ́ sí i, ó wó sínú iná. Clifford jókòó sórí àga rẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀, ọwọ́ kan ṣoṣo tó ní, ti pupa, ó sì ti wú ní ìka mẹ́ta.

Thora gbé omi tútù wá, ó ki ọwọ́ náà bọ̀ ọ́, nítorí ohun tí ara rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn kí orí rẹ̀ tó débẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ̀rọ̀.

"Bàbá ló tún ní kó o sun ún ni?"

Clifford ń sunkún, itọ́ ń bá omijé lọ.

"Bàbá kú ní 1986," Thora wí. "Mo kà wọ́n, Clifford. Bàbá ti wà ní sàréè nígbà tó o lẹ méje nínú wọn."

"Wàá lọ," ni ọkùnrin náà wí. "Tó o bá ti ní... tìrẹ... wàá lọ. Ìwọ ì bá ti bá Birkett lọ."

Ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́wàá tí Thora ti gbọ́ orúkọ yẹn kẹ́yìn. Birkett ni ọkùnrin tó máa ń wá tún ògiri òkúta oko wọn ṣe. Ní 1984 ó ní kí Thora jẹ́ kí àwọn jọ lọ sí ìsàlẹ̀ odò, Thora sì sọ fún un pé òun kò lè fi Màmá àti Clifford sílẹ̀. Òun ló sọ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó dì í mú. Ohun tó dun ún wọ egungun nìyẹn: pé kò lọ, pé òun fúnra rẹ̀ ló yàn láti dúró, síbẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń jà á lólè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti fi dí ọ̀nà tí kò tilẹ̀ gbà.

"Mo ti dúró," ló wí. "O ò bá bi mí. Lọ́jọ́ kan péré, o ò bá bi mí."

Avis wá lírọ̀lẹ́, ó rí agolo, kò bọ́ aṣọ òtútù rẹ̀. Ó wo Clifford títí tí ọkùnrin náà fi gbé ojú sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé agolo náà, ó ní òun máa bá wọn jù ú nù. Thora ní kó fi í sílẹ̀.

Fún ọjọ́ mẹ́rin, wọn kò rí ìjọba bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, nítorí gbogbo ilẹ̀ náà ló ń pè kí ilẹ̀kùn tó tì. Ọjọ́ karùn-ún, lẹ́yìn wákàtí kan àbọ̀ tí wọ́n fi ń tẹ dùùrù sí i létí, ọ̀dọ́kùnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ rọ̀, ó sì ní sùúrù. Avis jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ kejì mú.

"Ẹ ṣeun tí ẹ dúró, Mà. Ọdún mẹ́fà ni ẹ fẹ́ san. Mo ní láti béèrè ohun tí ẹ ń ṣe ní àwọn ọdún náà. Ṣé ẹ wà níṣẹ́ ẹnikẹ́ni?"

"Mo wà lóko."

"Ṣé wọ́n ń san owó oṣù fún yín?"

"Rárá."

"Ṣé oko yín ni? Ṣé ẹ forúkọ sílẹ̀ pé ẹ ń ṣiṣẹ́ fún ara yín?"

"Oko ẹ̀gbọ́n mi ni. Mò ń gbẹ̀bí fún àgùntàn. Mò ń gé koríko, mò ń tún ògiri mọ, mo sì ń tọ́jú ẹ̀gbọ́n mi láti oṣù Kẹwàá."

"Ó yé mi, Mà." Ó ń tẹ nǹkan. "Ṣé ìwé kankan wà tó fi hàn bẹ́ẹ̀?"

Thora wo Avis. "Ó ti wà rí. Kì í ṣe fún àwọn ọdún yìí, ṣùgbọ́n ó ti wà rí."

Ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà ká ọ̀dọ́kùnrin náà lára, ó sì jọ pé ẹ̀rọ iwájú rẹ̀ kò ní àyè tó máa kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí. "Ẹ má bínú, Mà, mo gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan. Yálà ẹ wà níṣẹ́ ẹnì kan, tàbí ẹ ń ṣiṣẹ́ fún ara yín, tàbí ẹ kò ṣiṣẹ́."

"Kọ ọ́ pé mi ò ṣiṣẹ́."

"Ẹ ṣeun, Mà."

Ó san án. Ọgbọ̀n àgùntàn àti oyún inú wọn wọ inú ìwé ìjọba, wọ́n sì di ọdún mẹ́fà. Avis se tíì, kò sẹ́ni tó mu ún nínú àwọn méjèèjì.

Ní agbedeméjì oṣù Kẹrin ni lẹ́tà náà dé, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ òjò wọ abẹ́ ilẹ̀kùn. Àgùntàn Clifford tó kù lóko ti ń bímọ láti ọ̀sẹ̀ méjì, Thora kò sì tíì sùn fún wákàtí mẹ́ta léra wọn. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó ṣí i. Ọdún mẹ́wàá, ó pé. Owó tí wọ́n máa fún un lọ́sẹ̀ kò pọ̀, ó kàn lé díẹ̀ ní ọgọ́ta pọ́n-ùn, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀. Ó ka ìlà náà láti òkè délẹ̀. Ọdún tó fi bọ́ màmá rẹ̀: òfìfo. Ọdún tí yìnyín pa igba àgùntàn tí òun sì hú ọgọ́rùn-ún jáde láàyè: òfìfo. Gbogbo ọdún tí ẹyin rẹ̀ fi ra sítáǹbù: òfìfo. Àwọn mẹ́fà tí òun fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò ṣe nǹkan kan ni wọ́n kọ sí pé wọ́n pé.

Abo kan ké nínú àgbàlá. Igbe náà kì í ṣe igbe lásán, àwọn méjèèjì mọ̀ ọ́n.

"Thora," Clifford wí lórí àga rẹ̀. "Abo yẹn."

"Mo gbọ́ ọ."

Ó bu tíì sínú ife. Abo náà tún ké, ó falẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Thora. Ọmọ ti há."

"Mo gbọ́ ọ, Clifford."

"Kí ló wá dé... tó o jókòó?"

Thora tẹ ìka mọ́ lẹ́tà náà. "Ìjọba ti kọ ọ́ síbí. Mi ò ṣiṣẹ́."

Ó mu tíì náà díẹ̀díẹ̀. Clifford fi ọwọ́ tí wọ́n wé aṣọ mọ́ di apá àga mú, ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ kò gbà fún un, ó jókòó padà gbì, Moss sì dìde, ó ń wo àwọn méjèèjì. Láyé rẹ̀, Thora kò jókòó rí nígbà tí àgùntàn ń ké. Ó jókòó títí tíì fi tán nínú ife. Lẹ́yìn náà ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà, ó sì jáde, nítorí abo náà kò lẹ sítáǹbù, kò sì sun káàdì.

Ìbejì ni. Èkíní ti kú kí ọwọ́ rẹ̀ tó kàn án, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi pẹ́ jù. Èkejì wà láàyè. Ó fi koríko nù ún ní imú, ó tì í sí ọmú ìyá rẹ̀, ó gbé òkú èkíní sínú àpò. Ó dúró ti abo náà nínú òjò fún ìgbà díẹ̀, ó ní kó má bínú.

Nígbà tó wọlé, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ lábẹ́ omi títí ẹ̀jẹ̀ fi tán. Clifford kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

"Ṣé wàá lọ?" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa bi í.

"Tí wọ́n bá bímọ tán."

"Èmi ńkọ́? Ta ló máa..."

"Àwọn olùtọ́jú á wá. Wọ́n á béèrè iṣẹ́ tó o ṣe láyé rẹ, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀." Thora nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ìka kan tẹ̀lé èkejì. "Sọ fún wọn pé àgbẹ̀ ni ọ́. Ìwé tìrẹ pé, Clifford."